Kótìn ara wáyà bíréèsì: bí ẹ ṣe máa yan èyí tó ń yọ̀ lóòótọ́, tẹ́ ẹ sì máa dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́

Gbogbo páálí wáyà ló ń pariwo báyìí pé tiwọn ń yọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, pé fíríkṣọ̀n ẹ̀ (bó ṣe ń ha nǹkan tó fara kàn án) kéré, pé eyín máa tètè rìn. Àwọn kan ò tiẹ̀ parọ́ o, àmọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n ní lábù yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu èèyàn, àwọn dókítà eyín àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀ sì máa ń kó sí i torí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò kọ́ ni wọ́n ń wò. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ látorí bí kótìn (ohun tí wọ́n fi bo ara wáyà) ṣe ń yọ̀ tó. Bó ṣe nípọn tó ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, igun tí wáyà máa wà nínú bíráàkẹ́ẹ̀tì (nǹkan kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín, tí wáyà ń gba inú ẹ̀ kọjá) ló tẹ̀ lé e, yíyọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí ìdí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí agbára ń bọ́ sí

Ká sọ pé wọ́n ti yọ eyín kan, ẹ wá fẹ́ fa eyín ṣóńṣó tó wà níwájú ẹ̀ lọ sẹ́yìn kó dí àlàfo yẹn. Ẹ máa so sípíríǹgì mọ́ ọn, ẹ máa fún un ní nǹkan bíi 100 sí 200 gíráàmù, bíráàkẹ́ẹ̀tì á sì máa yọ̀ lórí wáyà díẹ̀díẹ̀, bíi mílímítà kan lóṣù. Gbogbo agbára tẹ́ ẹ fi ń fà á kọ́ ló ń dé ara eyín o. Kusy àti Whitley, àwọn tó ṣiṣẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí láwọn ọdún 1990, sọ pé láti ìdá 12 sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára yẹn ló lè ṣòfò sórí híha. Òfò yẹn sì burú lọ́nà méjì: eyín tẹ́ ẹ fẹ́ kó rìn ò rìn dáadáa, tẹ́ ẹ bá wá ní kẹ́ ẹ fi agbára kún un, àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fẹ́ kó dúró sójú kan ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ níwájú.

Àwọn méjèèjì yìí náà ló pín ìdènà yẹn sí mẹ́ta, ẹ fi sọ́kàn torí òun la máa lò títí dé ìsàlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fíríkṣọ̀n gangan, ìyẹn bí ara wáyà ṣe ń ha ara sílọ́ọ̀tì (ojú tóóró inú bíráàkẹ́ẹ̀tì tí wáyà ń gbà) nígbà tí rọ́bà tàbí wáyà tín-ínrín tẹ́ ẹ fi dè é ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìkejì ni híhá: eyín á dagun díẹ̀, etí méjèèjì bíráàkẹ́ẹ̀tì á gbá wáyà mú, wáyà á tẹ̀ láàárín wọn. Ìkẹta ni kí etí bíráàkẹ́ẹ̀tì gé ojú sára wáyà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti máa dúró pátápátá, ó di ìgbà tí nǹkan kan bá mì ín tàbí tẹ́ ẹ bá tú u. Kótìn, èyíkéyìí kó jẹ́, àkọ́kọ́ yẹn ló ń bá jà tààrà. Ní ti ìkejì, ó lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀ torí ibi tí etí ti gbá wáyà mú náà ṣì ń ha, àmọ́ kò lè sọ pé kí wáyà má tẹ̀.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ṣé ìtọ́jú tẹ́ ẹ ń ṣe yìí tiẹ̀ ní yíyọ̀ nínú? Tó bá jẹ́ lúùpù (wáyà tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì kó lè fa eyín mọ́ra) lẹ fi ń pa àlàfo dé, bíráàkẹ́ẹ̀tì ò yọ̀ lórí nǹkan kan, kótìn ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí eyín ṣì rí wọ́gọwọ̀gọ, wáyà NiTi (nikẹ́lì tí wọ́n pò mọ́ titanium) tín-ínrín bíi 0.014 íǹṣì náà máa ń yọ̀ gba inú bíráàkẹ́ẹ̀tì kọjá bí eyín ṣe ń tò, èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn, àmọ́ híhá ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fi de wáyà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan: tí rọ́bà bá ń tẹ wáyà pẹ̀lú agbára 2 newton, tí ìwọ̀n fíríkṣọ̀n irin lórí irin bá jẹ́ 0.15, ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù jẹ́ 0.30 newton, ìyẹn bíi 30 gíráàmù lórí bíráàkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Tí kótìn bá gbé e wálẹ̀ sí 0.08, ó di nǹkan bíi 16 gíráàmù. Èrè gíráàmù 14, kò burú. Àmọ́ rọ́bà yẹn fúnra ẹ̀ máa ń pàdánù tó ìdajì agbára ẹ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó ti di 15 lórí irin lásán, 8 lórí èyí tó ní kótìn, èrè yín ti wálẹ̀ sí gíráàmù 7. Tẹ́ ẹ bá sì fi wáyà tín-ínrín dè é tẹ́ ẹ wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ lo bíráàkẹ́ẹ̀tì tó ní ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ jèrè ju ti kótìn lọ. Ẹ ṣe ìyẹn ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ kótìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ wáyà tó wà lábẹ́

Kótìn ò lè bo ìwà wáyà mọ́lẹ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá to àwọn irin tí wọ́n fi ń ṣe wáyà lórí bíráàkẹ́ẹ̀tì irin, stainless steel (irin tí kì í dógùn-ún) ló ń yọ̀ jù, cobalt-chromium ò jìnnà sí i, NiTi tẹ̀ lé wọn, beta-titanium ló gbẹ́yìn. Beta-titanium yẹn (titanium tí wọ́n pò mọ́ irin míì), tí àwọn olùṣèwádìí Burstone àti Goldberg gbé jáde lọ́dún 1980, wáyà tó dáa ni fún títẹ̀ àti fún agbára tó rọra ń jáde, wàhálà ẹ̀ ni pé titanium ara ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ irin bíráàkẹ́ẹ̀tì, á fà, á já, á tún lẹ̀. Ohun tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ni pé ara NiTi máa ń rí ṣágiṣàgi ju ti beta-titanium lọ tẹ́ ẹ bá wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, síbẹ̀ beta-titanium ló ń ha jù. Ìyẹn ni pé dídán ara wáyà nìkan kọ́ ló ń ṣe é, ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ohun tó ń fara kàn ńkọ́? Tẹ́nì kan bá wá gbé fọ́tò wáyà tó ń dán gbinrin síwájú yín pé ẹ wò ó bó ṣe dán, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ wá béèrè ìwọ̀n agbára tó fi yọ̀.

Fún beta-titanium, èyí tí mo gbà fún ni kí wọ́n yin áyọ́ọ̀nù náítírójìn (átọ́ọ̀mù náítírójìn tó ní iná mànàmáná lára) wọ inú awọ ara ẹ̀. Wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, inú irin yẹn gan-an ni náítírójìn wọ̀, torí náà kò fi kún ìnípọn wáyà, kò sì sí nǹkan tó máa bó níbẹ̀. Ojú irin á le sí i, kò ní fi bẹ́ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ bíráàkẹ́ẹ̀tì mọ́.

NiTi nìkan ló ní wàhálà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀nà méjì sì ni. Ìkíní ni iná: ìwà rírọ̀ àti pípadà tí wọ́n torí ẹ̀ ra NiTi máa ń yí padà tó bá ti gbóná dé àyíká 400 sí 500 dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, torí náà ọ̀nà kótìn tó nílò iná ńlá lè ba wáyà jẹ́ láìjẹ́ pé ojú lásán rí i. Ìkejì ni nínà. NiTi lè nà dé bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kó sì padà sí bó ṣe wà, kótìn líle bíi titanium nitride (titanium àti náítírójìn) tàbí DLC (kábọ́ọ̀nù tó jọ dáyámọ́ńdì) ò lè bá a dé ibẹ̀, á sán. Ẹ tún ṣírò ẹ̀ wò: wáyà 0.016 íǹṣì nípọn tó bíi 0.4 mílímítà, tó bá tẹ̀ gba orí eyín tó yà kúrò lórí ìlà débi pé ó tẹ̀ bí apá kan òbìrìkìtì tí àárín ẹ̀ jìnnà sí etí ẹ̀ ní mílímítà 10, awọ òde ẹ̀ ti nà tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 2 yẹn, kékeré ni fún NiTi, àmọ́ ó ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ kótìn líle. Bí ìgbà téèyàn kun fóòmù ní ọ̀dà ni. Kótìn líle, orí stainless tó gùn gbọọrọ ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò àyè tó kù nínú sílọ́ọ̀tì

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ kótìn ti ń kùnà kí wọ́n tiẹ̀ tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Sílọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 0.018 tàbí 0.022 íǹṣì. Ẹ mú 0.022, ìyẹn 0.559 mílímítà. Wáyà tí wọ́n sábà fi ń fa eyín nínú ẹ̀ ni 0.019 lọ́nà 0.025, gíga ẹ̀ jẹ́ 0.483 mílímítà. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní, àyè tó kù jẹ́ 0.076 mílímítà, máíkírọ́ọ̀nù 76. Àyè yẹn ló ń jẹ́ kí eyín lè dagun díẹ̀ kí wáyà tó há. Igun tí híhá ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè rí i báyìí: ẹ fi fífẹ̀ bíráàkẹ́ẹ̀tì pín àyè yẹn, ẹ wá fi 57.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ìdáhùn ẹ̀ jẹ́ dígírì. Bíráàkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó mílímítà 3.5: 0.076 pín sí 3.5, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 57.3, ó jẹ́ nǹkan bíi dígírì 1.2. Kékeré báyẹn ni o, láìtíì kun wáyà ní nǹkan kan.

Ẹ wá fi kótìn PTFE (pílásítíìkì tí gbogbo ayé ń pè ní Teflon) tó nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 25 bo wáyà yẹn. Òkè ní 25, ìsàlẹ̀ ní 25, ó di 50. Àyè tó kù jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 26, igun híhá sì ti bọ́ sí dígírì 0.4. Ṣé ẹ rí i? Ohun tẹ́ ẹ rà kó lè máa yọ̀ ló wá mú kó yára há ní ìlọ́po mẹ́ta. Tó bá jẹ́ DLC tó nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù kan ni, méjì péré lẹ pàdánù nínú 76, igun yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìdí tí mo fi ń fi ìnípọn ṣíwájú nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe wáyà mọ èyí, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń dín irin inú kù kí àpapọ̀ ẹ̀ lè bá nọ́ńbà ara páálí mu. Ó dáa, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí agbára wáyà. Líle wáyà onígun mẹ́rin ń tẹ̀ lé gíga ẹ̀ lọ́nà mẹ́ta (gíga lọ́nà gíga lọ́nà gíga) àti fífẹ̀ ẹ̀ lọ́nà kan. Tẹ́ ẹ bá yọ máíkírọ́ọ̀nù 50 kúrò nínú 0.019 lọ́nà 0.025 yẹn, gíga ku 0.433, fífẹ̀ ku 0.585, líle tó kù jẹ́ bíi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀, torí pé pílásítíìkì tó bò ó ò fi nǹkan gidi kún un. Ti wáyà roboto tún le jù, torí ọ̀nà mẹ́rin ni tiẹ̀: 0.016 íǹṣì tí wọ́n yọ máíkírọ́ọ̀nù 50 nínú ẹ̀ á ku nǹkan bíi ìdá 59. Wáyà tó rọ̀ báyẹn á yára tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi ń fa eyín, eyín á dagun, híhá á tún padà wá gba ẹ̀yìn wọlé.

Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́ o jàre. Ẹ fi máíkírómítà wọn wáyà yẹn ní ibi bíi mẹ́ta, ẹ ha kótìn ibi kan kúrò kẹ́ ẹ wọn irin inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wọn sílọ́ọ̀tì náà tẹ́ ẹ bá ní ohun tẹ́ ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, torí sílọ́ọ̀tì tòótọ́ sábà máa ń fẹ̀ ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ wọ̀n fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi sínú ìṣirò òkè yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá mú kótìn

PTFE yìí, tí onímọ̀ kẹ́mísìrì Roy Plunkett ṣèèṣì rí lọ́dún 1938, òun ló ń yọ̀ jù nínú gbogbo wọn tí ara ẹ̀ bá ṣì pé, ìwọ̀n fíríkṣọ̀n ẹ̀ wà ní àyíká 0.05 sí 0.1. Ó sì lè ní àwọ̀ eyín, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn tí ò fẹ́ kí bíréèsì hàn máa béèrè fún un. Àléébù ẹ̀ lẹ ti rí lókè, ó nípọn, ó sì rọ̀, etí bíráàkẹ́ẹ̀tì máa ń fá a. Epoxy (irú gọ́ọ̀mù kan tó máa ń gan) tún nípọn jù ú lọ, ó lè tó máíkírọ́ọ̀nù 50, èmi ò kà á sí kótìn yíyọ̀ rárá, ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe, tẹ́nì kan bá sì fẹ́ ẹwà kí wọ́n fún un, kí wọ́n ṣáà má sọ pé yíyọ̀ ni. Rhodium (irin olówó iyebíye kan) tín-ínrín, ó ń jẹ́ kí wáyà funfun díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń wá yíyọ̀ ẹ má wá a síbẹ̀.

DLC ni mo fẹ́ràn jù fún stainless. Ó tín-ínrín, ó le, kò sì nílò iná púpọ̀ tẹ́ ẹ bá lo pílásímà (gáàsì tí iná mànàmáná ti wọ̀), kódà ó lè wà lábẹ́ 200 dígírì. Ṣùgbọ́n DLC kì í ṣe ẹyọ kan o: iye haidrójìn tó wà nínú ẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa ṣe nínú omi àti nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, torí náà tí àwọn tó ń tà á bá kàn sọ DLC láìsọ irú èyí tó jẹ́ àti ìnípọn ẹ̀, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Titanium nitride le náà, ó ní àwọ̀ góòlù, fíríkṣọ̀n ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kéré, agbára ẹ̀ wà nínú kó má jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ra.

Tungsten disulfide (èròjà tó ń yọ̀, tí wọ́n fi tungsten àti súfúrù ṣe) wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dùn. Àwọn bọ́ọ̀lù kékeré tó ní ìpele bí ìpele nínú, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Reshef Tenne àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ròyìn ẹ̀ lọ́dún 1992 ní Ísírẹ́lì, ni wọ́n pò mọ́ nikẹ́lì-fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n fi bo wáyà stainless, iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008 sì fi hàn pé fíríkṣọ̀n lè wálẹ̀ tó ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú mi dùn sí i, àmọ́ nikẹ́lì yẹn ń kọ mí lóminú, torí ara àwọn èèyàn kan ò gba nikẹ́lì rárá, ẹ ò sì fẹ́ kó máa bọ́ sẹ́nu wọn. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀, molybdenum disulfide, dáa gan-an níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí ọ̀rinrin bá ti kàn án ni yíyọ̀ ẹ̀ ń dínkù. Ẹnu èèyàn rèé, omi ni gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú fún yín: stainless onígun mẹ́rin tẹ́ ẹ fi ń pa àlàfo dé, DLC tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkun nǹkan kan; beta-titanium, áyọ́ọ̀nù náítírójìn; NiTi ti ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ má da ara yín láàmú, àyàfi tí aláìsàn bá ń béèrè àwọ̀ eyín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ kun ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní lábù nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí, dókítà lè fò ó. Kótìn tó bó, ìdọ̀tí ló sábà fà á. Epo tí wọ́n fi fa wáyà ní ilé iṣẹ́ ṣì máa ń wà lára ẹ̀, ojú ò lè rí i. Ẹ wẹ̀ ẹ́ nínú ásítóònù pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọ̀n ọ́n, ẹ tún wẹ̀ ẹ́ nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ fi omi tó mọ́ gaara ṣan án, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ gbẹ, látìgbà yẹn lọ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ lásán kàn án mọ́. Nínú ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ fi pílásímà argon ha òkè ara ẹ̀ kúrò, torí ìpele ọ́síjìn tó wà lórí ẹ̀ kì í jẹ́ kí DLC di í mú, ẹ wá fi ìpele tín-ínrín kan sílíkọ́ọ̀nù, kírómíọ́ọ̀mù tàbí titanium sáàárín irin àti kábọ́ọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá fo ìpele àárín yìí, DLC á dúró dáadáa lójú yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ wáyà ló máa fò kúrò bí ìpẹ́.

Ẹ máa yí wáyà lọ́tùn-ún lósì bí kótìn ṣe ń wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá kan á nípọn, apá kejì á fẹ́ẹ̀rẹ́, apá tó fẹ́ẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ló sì máa ń bọ́ sí etí bíráàkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ PTFE, ẹ rántí pé 327 dígírì ló ń yọ́, yíyan tó péye sì máa ń kọjá ibẹ̀, torí náà tó bá jẹ́ NiTi ló wà lábẹ́, ẹ tún wọn bó ṣe ń tẹ̀ tó sì ń padà lẹ́yìn kíkùn, nípa gbígbé e sórí òpó méjì kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín gẹ́gẹ́ bí ISO 15841 (ìlànà àgbáyé lórí wáyà bíréèsì) ṣe ní kí wọ́n ṣe, kẹ́ ẹ fi ìlà ẹ̀ wéra pẹ̀lú ti wáyà tí wọn ò kùn. Tí ìlà ìpadàbọ̀ bá ti wálẹ̀ tàbí gòkè, kótìn yẹn ti sọ wáyà di nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fà á gba inú bíráàkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ̀rọ tó ń fa nǹkan tó sì ń ka agbára lẹ nílò, èyí tí wọ́n fi ń dán irin wò yẹn. Ẹ lẹ bíráàkẹ́ẹ̀tì mọ́ pákó irin, kẹ́ ẹ rí i pé sílọ́ọ̀tì ẹ̀ bá ìlà tí ẹ̀rọ fi ń fà mu gẹ́lẹ́. Ohun tó máa ń ṣèèyàn nìyí: wọ́n á ní igun odo làwọn ń wọ̀n, bíráàkẹ́ẹ̀tì á sì ti wọ́ tó dígírì kan. Ẹ padà wo igun híhá tá a ṣírò, 1.2 tàbí 0.4. Dígírì kan ti tó láti yí gbogbo èsì yín padà, ẹ máa rò pé kótìn lẹ ń wọ̀n, tó jẹ́ pé pákó tó wọ́ lẹ ń wọ̀n. Ọ̀nà tó rọrùn ni kẹ́ ẹ fi wáyà tó kún sílọ́ọ̀tì dáadáa tò ó kí gọ́ọ̀mù tó gan, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́.

Ẹ fi bíráàkẹ́ẹ̀tì tuntun fún wáyà kọ̀ọ̀kan, torí èyí tí kótìn ti ha lẹ́ẹ̀kan ti ní ìyókù ẹ̀ nínú. Rọ́bà tuntun náà, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú kan náà lẹ́yìn dídè kẹ́ ẹ tó fà, lórí gbogbo wọn, torí rọ́bà ń dẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó yẹn. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, mílímítà 5 ní ìṣẹ́jú kan tó, nínú itọ́ àtọwọ́dá tó wà ní 37 dígírì. Ẹ má ṣe é ní gbígbẹ nìkan. Ẹ fà á ní igun odo, 3, 6 àti 10, kẹ́ ẹ ní ó kéré tán wáyà mẹ́wàá fún ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wáyà kan náà tí wọn ò kùn tó wá láti ilé iṣẹ́ kan náà.

Ẹ wá wo ìlà tó jáde. Òkè àkọ́kọ́ yẹn ni agbára tí wáyà fi gbéra, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni agbára tó fi ń rìn lọ. Nínú ẹnu, eyín ò rìn bí ẹ̀rọ, ó máa ń rìn ó máa ń dúró, torí náà òkè àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń kà sí jù. Tí ìlà bá wá ń gun ó ń sọ̀ kálẹ̀ kíákíá-kíákíá, wáyà ń lẹ̀ ó ń já ni, kótìn ti ń ya nìyẹn tàbí titanium ti ń fara kan irin. Tí ìlà bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìsọ̀, ẹrẹ̀ kótìn ló ń kó jọ síwájú bíráàkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò kẹ́ ẹ wò ó, ẹ máa rí i bó ṣe kó jọ sétí sílọ́ọ̀tì ní ègé kéékèèké tó ká.

Ẹ tún máa rí nǹkan kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra: ní igun odo, kótìn á dáa gan-an lórí ìwé, tó bá fi máa di 10, ìyàtọ̀ àárín èyí tí wọ́n kùn àti èyí tí wọn ò kùn á ti kéré, torí híhá ti gba gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń polówó sì mọ̀ ọ́n, igun odo ni wọ́n máa ń gbé síta.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jẹ́ kó gbó kẹ́ ẹ tún un wọ̀n

Wáyà tuntun ò sọ nǹkan púpọ̀. Wọ́n ti yọ wáyà oníkótìn lẹ́nu àwọn èèyàn rí lẹ́yìn ọjọ́ 33 tí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kótìn ti lọ, ìyẹn nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008. Ibi tó bó wá di etí, etí yẹn wá ń kọ́ bíráàkẹ́ẹ̀tì, kòkòrò sì ń rí ibi gbé. Torí náà ẹ rẹ wáyà yín sínú itọ́ àtọwọ́dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa gbé e láti omi 5 dígírì bọ́ sí ti 55, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ eyín fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún ìgbésẹ̀ kẹfà ṣe látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń fi òòru gbígbóná pa kòkòrò ara wáyà ní 121 tàbí 134 dígírì, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú gbígbó yẹn. Nọ́ńbà tó bá jáde lẹ́yìn gbogbo èyí ni kẹ́ ẹ mú lò, èyí àkọ́kọ́ ẹ lè fi í pa mọ́ fún ara yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lórí àga aláìsàn

Ẹ má fi pílíásì onírin tó ní eyín di wáyà oníkótìn mú níbi tí bíráàkẹ́ẹ̀tì máa ti yọ̀, ìpẹ̀kun nìkan ni kẹ́ ẹ ti di í mú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta àgbègbè tó máa yọ̀. Àwọn kan máa ń fi iná gbóná orí NiTi kó lè rọ̀ kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn eyín ńlá: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún PTFE rárá, èéfín tó ń jáde lára ẹ̀ tó bá jó kò dáa fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn, ẹ kọ́kọ́ ha kótìn ibẹ̀ kúrò pátápátá tàbí kẹ́ ẹ mú wáyà míì. Tí bíráàkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ti seramíìkì, fíríkṣọ̀n ẹ̀ ga ju ti irin lọ, etí ẹ̀ sì le débi pé á fá kótìn rírọ̀ bí ẹní fá ẹ̀fọ́, torí náà ẹ wá èyí tó ní irin nínú sílọ́ọ̀tì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa ronú kótìn wáyà.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ nikẹ́lì lọ́wọ́ aláìsàn kẹ́ ẹ tó yan èyíkéyìí. Ẹ sọ fún un pé tó bá rí ibi tí àwọ̀ funfun ti bó, kó má fi èékánná yọ ọ́, kó ṣáà pè yín. Nígbà tó bá padà wá, ẹ má kàn yí rọ́bà kẹ́ ẹ sì ní kó máa lọ, ẹ yọ wáyà, ẹ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ gba ara ẹ̀ kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ìka máa ń mọ ibi tó bó ṣáájú ojú, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ṣóńṣó yẹn. Tó bá ti ń ha ìka níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bó níbì kan náà, ẹ wọn bí bíráàkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ṣe dagun tó kẹ́ ẹ tó ra òmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bíráàkẹ́ẹ̀tì lẹ máa tún lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi stainless lásán tẹ̀ síwájú.